Ìwé Àdéhùn 1837 àti Àwọn Apẹja Òru ní Wisconsin

Ẹ ki earpiece yín bọ etí dáadáa. Ìtàn òní dá lórí ẹja kan, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, àti ìwé àdéhùn kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ti kú. Àríwá ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, ló ti ṣẹlẹ̀, láàárín àwọn ẹ̀yà Ojibwe.

Walleye ni òyìnbó ń pe ẹja náà, àwọn Ojibwe ń pè é ní ogaa. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni ojú rẹ̀. Nínú ẹyinjú rẹ̀, nǹkan kan wà tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, bíi ti ológbò. Tan iná sínú omi lóru, ojú rẹ̀ á máa tàn yòò. Nígbà tí yìnyín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́, ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ó máa ń wá sínú odò àti etí adágún tí omi kò ti jìn, láàárín òkúta, láti yé ẹyin. Àkókò yẹn gan-an ni oúnjẹ ìgbà òtútù máa ń tán nílé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pa á? Èèyàn méjì nínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi èèpo igi birch ṣe. Ẹnì kan ń fi àjẹ̀ darí ọkọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́bàá etí omi, láìpariwo, láìrú omi. Ẹnì kejì dúró níwájú pẹ̀lú ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu púpọ̀, ètùfù tí wọ́n fi oje igi páìnì ṣe sì ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá rí ojú tó ń tàn, kì í sọ ọ̀kọ̀ síbi tó ti rí i. Omi máa ń tan ojú jẹ: ẹja wà nísàlẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ, nítorí náà abẹ́ rẹ̀ ló máa gún. Nígbà tí àwọn Faransé rí iná wọ̀nyí lórí omi lóru, wọ́n pe ibẹ̀ ní Lac du Flambeau, adágún ètùfù. Orúkọ náà ló ń jẹ́ di òní. Lónìí, ọkọ̀ onírin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti iná tí wọ́n dè mọ́ akoto ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ni.

Ní 1837 àti 1842, àwọn Ojibwe fọwọ́ sí ìwé, wọ́n fi ilẹ̀ tó pọ̀ gan-an fún ìjọba Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ohun kan sílẹ̀ fún ara wọn: ẹ̀tọ́ láti máa ṣọdẹ, kí wọ́n sì máa pẹja lórí ilẹ̀ náà. Ó dà bí ẹni tó ta ilẹ̀, tó ní òun kò ta ọ̀pẹ orí rẹ̀. Wisconsin di ìpínlẹ̀ ní 1848, ó sì ń fi òfin tirẹ̀ mú wọn. Ní 1908, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ ọ̀hún ti parí. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá pẹja bíi baba rẹ̀ lẹ́yìn ààlà ilẹ̀ tí wọ́n pín fún ẹ̀yà rẹ̀ di ọ̀daràn.

Ní 1974, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì mọ̀ọ́mọ̀ kọjá ààlà náà lórí Chief Lake, wọ́n gé ihò sínú yìnyín, wọ́n sì na ọ̀kọ̀ sí ẹja. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ mú wọn. Ẹjọ́ náà pẹ́ ọdún mẹ́sàn-án. Ní 1983, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ dájọ́ pé ìwé àdéhùn náà ṣì wà láàyè.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1985 sí 1991, bí àwọn apẹja bá ti dé èbúté lálẹ́, èrò á ti pé síbẹ̀, tí wọ́n ń bú wọn, tí wọ́n ń sọ òkúta. Àwọn kan ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ńlá da omi rú kí ọkọ̀ kékeré lè dojú dé. Pátákó tí wọ́n gbé ní kí wọ́n gún Ojibwe dípò ẹja. Àwáwí wọn ni pé ọ̀kọ̀ máa run ẹja tán. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà náà ní gbèdéke fún adágún kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń ka ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan ní èbúté. Ní 1991, ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti àwọn ẹ̀yà jọ ṣe fi hàn pé ẹja kò dín kù nítorí wọn. Lọ́dún yẹn náà, adájọ́ Barbara Crabb pàṣẹ kí àwọn tó ń dààmú wọn jáwọ́. Ní 1999, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú ẹ̀tọ́ yìí fún àwọn Ojibwe ní Minnesota, adájọ́ 5 sí 4.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹja nìkan kọ́ ni wọ́n ń jà fún. Bí wọ́n bá ti dẹ́kun pípẹja lóru ní 1908, ta ni ìbá rántí pé ìwé kan wà? Ìwé ló gbà wọ́n ní kóòtù, lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà tí yìnyín bá yọ́ ni kò jẹ́ kí ìwé náà kú.