Irin kékeré tó ń jí mọ́tò dísù láàárọ̀: ìtàn hítà púlọ́ọ̀gì

 

Ọ̀rọ̀ kan ò tán lẹ́nu àwọn tó ní pikọ́ọ̀pù dísù àtijọ́. Tòmátò ti wà lẹ́yìn mọ́tò láti alẹ́, ọjà ò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ń yí dáadáa, ṣùgbọ́n kò jí. Ẹlòmíì á lọ ra bátìrì tuntun. Ẹlòmíì á tú sítátà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó kú ò ju irin kékeré kan tó tó ìka ọwọ́ lọ, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní hítà púlọ́ọ̀gì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìtàn irin yìí, torí ẹni tó bá mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é ò ní náwó síbi tí kò yẹ.

OORU NI Ẹ́ŃJÌNNÌ DÍSÙ Ń JẸ

Ẹ́ńjìnnì bẹntiróò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣá iná. Ti dísù ò ní. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní Paris lọ́dún 1858, ló gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gba ìwé àṣẹ lórí èrò rẹ̀ lọ́dún 1893. Nígbà tó di 1897, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ geere nílùú Augsburg. Ẹni tó bá ti fi pọ́ńpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ńpù máa ń gbóná. Ohun kan náà ni: ẹ́ńjìnnì á fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí ooru rẹ̀ á fi kọjá 500°C, epo tí wọ́n bá fín sí i á gbiná fúnra rẹ̀.

Àwa àgbẹ̀ náà ní ìpín níbẹ̀ o. Níbi àfihàn ńlá tó wáyé ní Paris lọ́dún 1900, òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi yí ẹ́ńjìnnì dísù kan. Diesel fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ìjọba Faransé ló ní í lọ́kàn, torí ẹ̀pà pọ̀ láwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn.

NÍGBÀ TÍ WỌ́N Ń FI IRIN JÓNÁ

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé irin tutù máa ń gba ooru lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Lọ́dún 1890, Herbert Akroyd Stuart, ará Ìngílándì, ti gba ìwé àṣẹ lórí ẹ́ńjìnnì elépo tó ní ìkòkò irin lórí. Kó tó lè jí, wọ́n á fi làǹpù kẹrosíìnì tó ń fẹ́ iná jáde yan ìkòkò náà títí á fi gbóná gan-an.

Ọ̀nà yìí ni ilé iṣẹ́ Lanz nílùú Mannheim gbà ṣe katakata tí wọ́n pè ní Bulldog, èyí tó jáde lọ́dún 1921. Àgbẹ̀ Jámánì á tan làǹpù sábẹ́ ìkòkò irin, á dúró tì í. Nínú àwọn Bulldog tó jáde lẹ́yìn ìyẹn, á tún yọ sítíárìnì katakata náà, á kì í bọ wíìlì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, á fi yí i títí á fi jí. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ nìyẹn.

BÍ HÍTÀ PÚLỌ́Ọ̀GÌ ṢE DÉ INÚ MỌ́TÒ

Nílùú Mannheim kan náà, Prosper L'Orange, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Benz, ti gba ìwé àṣẹ lọ́dún 1909 lórí yàrá kékeré kan tó wà lẹ́nu síílíńdà. Inú yàrá yẹn ni epo ti máa kọ́kọ́ gbiná kó tó tú sínú síílíńdà. Èyí mú kó ṣeé ṣe láti ṣe ẹ́ńjìnnì dísù kékeré tí ariwo rẹ̀ ò pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ògiri irin yàrá náà tún ń jí ooru kó. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ki irin tí iná bátìrì máa ń mú pọ́n sínú rẹ̀. Òun ni hítà púlọ́ọ̀gì. Nígbà tí Mercedes-Benz gbé 260 D jáde ní Berlin lọ́dún 1936, mọ́tò dísù bọ́ sọ́wọ́ ará ìlú, kò sì sẹ́ni tó ní láti gbé làǹpù dání mọ́.

Nínú àwọn 240 D tó jáde ṣáájú 1980, púlọ́ọ̀gì náà rí bí òrùka wáyà. Wọ́n so wọ́n tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn kan: ọ̀kan já, gbogbo wọn kú. Dídúró rẹ̀ pẹ́ débi pé àwọn awakọ̀ Jámánì ń fi ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní ìṣẹ́jú ìrántí olóògbé Rudolf Diesel ni. Àwọn tó wá dé lẹ́yìn rí bíi pẹ́ńsù, ó tètè ń gbóná, oníkálukú ló sì ń gba iná tirẹ̀. Èyí dára, ṣùgbọ́n ó máa ń tan èèyàn jẹ: méjì lè ti kú, mọ́tò á ṣì máa jí tipátipá, títí ọyẹ́ á fi dé.

Ẹ lè ní ẹ̀rọ Lister tó ń lọ gbágùúdá ńkọ́? Wíìlì rẹ̀ wúwo, ẹ sì máa ń gbé fáàfù rẹ̀ sókè kí ẹ lè yí i títí á fi sáré, kí ẹ tó jẹ́ kó fún afẹ́fẹ́. Katakata Massey Ferguson 135 ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì Perkins rẹ̀ ń fín epo tààrà sínú síílíńdà, kò ní yàrá tó ń jí ooru. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta hítà púlọ́ọ̀gì fún yín fún un.

BÍ A ṢE Ń YẸ̀ Ẹ́ WÒ

1. Ẹ wo àmì. Tó bá ń yí kíákíá láàárọ̀ àmọ́ tí kò jí, tí èéfín funfun ń jáde, tó ń gbọ̀n fún ìgbà díẹ̀ kó tó balẹ̀, ẹ fura sí hítà. Tí kò bá jí nígbà tó gbóná, ẹ wá ọ̀rọ̀ epo tàbí kọmpíréṣàn lọ.

2. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí àmì wáyà lílọ́ ti máa tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹnì kan fi mítà wo orí púlọ́ọ̀gì. Fún onípẹ́ńsù, iná tó sún mọ́ ti bátìrì, nǹkan bíi fólítì 11 tàbí 12, ló yẹ kó débẹ̀. Tí kò bá sí iná, ẹ wo fíúsì àti rílée kí ẹ tó ra púlọ́ọ̀gì kankan.

3. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ tú wáyà kúrò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi mítà wọn láti orí rẹ̀ sí ara ẹ́ńjìnnì. Onípẹ́ńsù tó yè kì í sábà kọjá ohm 1 tàbí 2. Tí mítà ò bá ka nǹkan kan, ó ti jó. Onírùúka ní tirẹ̀, láàárín ẹnu rẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n.

BÍ A ṢE Ń PÀÀRỌ̀ RẸ̀

Ẹ tú bátìrì. Ẹ ta epo tó ń tú ìpẹtà sí ìdí púlọ́ọ̀gì láti ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì tú u nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tó bá le, ẹ má fi agbára yí i. Ẹ yí i síwá díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀. Tó bá kán sínú, ó lè di títú orí ẹ́ńjìnnì, owó ńlá nìyẹn. Ẹ ha èédú inú ihò rẹ̀ kúrò. Ọwọ́ ni kí ẹ fi kọ́kọ́ wé tuntun wọlé, kí ẹ tó fi sípánà dè é, kò gbọdọ̀ le jù. Nọ́ńbà àti fólítì rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo wọn pọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín sípíréè tàbí bẹntiróò sẹ́nu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Irin tó pọ́n wà nínú lọ́hùn-ún. Ó lè gbiná ṣáájú àkókò, kó fọ́ písítìnì, kó sì bù yín lójú.

Láti ìgbà làǹpù Akroyd Stuart títí di òní, ooru àkọ́kọ́ ni ẹ́ńjìnnì olóyàrá ń bèèrè. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó rí i gbà kí ẹ tó ra bátìrì.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ tó ń gbé ẹrù lọ ọjà ìdájí. Ọjà á tà o.