Òṣùwọ̀n Iṣẹ́ ní Àwọn Pápákọ̀ Òfurufú Kéékèèké ní Nọ́wè

Kí ọdún 1968 tó dé, ọkọ̀ ojú omi tàbí bàálù tí ń bà sórí omi ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ní etíkun àríwá Nọ́wè, níbi tí òkun ti ya wọ àárín àwọn òkè, gbọ́kàn lé láti dé ìlú ńlá. Ní ọdún náà ni wọ́n ṣí pápákọ̀ òfurufú mẹ́rin ní Namsos, Brønnøysund, Sandnessjøen àti Mo i Rana, tí ojú ọ̀nà tí bàálù ń sáré lé níbẹ̀ gùn tó nǹkan bí 800 mítà péré, nítorí pé ilẹ̀ títẹ́jú ṣọ̀wọ́n láàárín òkè àti omi. Twin Otter, bàálù ilẹ̀ Kánádà tí kì í gbà tó ogún èrò, ni ilé iṣẹ́ Widerøe sì ń fò lọ síbẹ̀ nígbà náà.

Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé sábà máa ń lò ni pé kí wọ́n ka èrò kan, tàbí ẹrù tó wúwo tó 100 kílógíráàmù, sí ẹyọ iṣẹ́ kan, kí wọ́n sì pín ìnáwó ọdún sí iye ẹyọ bẹ́ẹ̀. Kò sí bí irú pápákọ̀ wọ̀nyí ṣe lè yege lójú òṣùwọ̀n yìí, nítorí pé panápaná, ẹni tí ń kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà àti òṣìṣẹ́ inú ilé gogoro gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, yálà èrò márùn-ún ló fẹ́ wọ bàálù tàbí àádọ́ta. Ìlànà tí Charnes, Cooper àti Rhodes gbé jáde ní 1978, tí àwọn onímọ̀ mú wọ ọ̀rọ̀ pápákọ̀ òfurufú ní àwọn ọdún 1990, tọ́ sí i díẹ̀, nítorí pé ẹgbẹ́ ni ó ń fi wé ẹgbẹ́: ó ń wo ẹni tó fi ohun èlò díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀ jù lọ, ó sì ń wọn bí àwọn yòókù ṣe jìnnà sí i tó. Síbẹ̀, aláìsàn tó tètè dé ilé ìwòsàn kò sí nínú ìṣirò méjèèjì.

Ní 1997 ni ìjọba àpapọ̀ gba àwọn pápákọ̀ náà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, tí àwọn ilé iṣẹ́ bàálù sì bẹ̀rẹ̀ sí í díje fún ìwé àdéhùn àwọn ọ̀nà tí ìjọba ń fi owó ìrànwọ́ sí. Avinor, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó wọn láti 2003, ń fi èrè pápákọ̀ Gardermoen ní Oslo gbé àwọn kéékèèké ró, gẹ́gẹ́ bí owó pápákọ̀ Ìkẹjà ti ń ṣe ní Nàìjíríà. A kò sì dá gbogbo wọn sí: Narvik kógbá wọlé ní 2017, nítorí pé afárá Hålogaland, tí wọ́n ṣí ní 2018, máa dín ọ̀nà tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú Evenes kù.

Àtúnṣe tó jinlẹ̀ jù dé ní 2019, nígbà tí pápákọ̀ erékùṣù Røst di ibi tí òṣìṣẹ́ ń fi kámẹ́rà ṣọ́ láti ìlú Bodø, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Sweden ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní Örnsköldsvik. Òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pàṣẹ fún awakọ̀ bàálù. Ìròyìn afẹ́fẹ́ àti ipò ojú ọ̀nà ni ó ń fún un, ó sì ṣeé ṣe kí ẹnì kan bójú tó ju pápákọ̀ kan lọ. Ohun tí ètò yìí ń dín kù ni wákàtí tí wọ́n fi ń jókòó de bàálù, àmọ́ kò kan panápaná àti ẹni tí ń kó yìnyín, tí wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ wà ní Røst fúnra rẹ̀.