Bí ara àgùntàn ṣe ń bá iná àti kòkòrò ìfọ́n jà, àti ohun tó yẹ kí olùrà ẹran Iléyá ní Libreville mọ̀

Nígbà tí ọdún Iléyá bá ń súnmọ́lé, wọ́n máa ń kó àgùntàn láti Cameroon wọ Libreville, olú ìlú Gabon. Nínú ọkọ̀ àti nínú ọgbà tí wọ́n so wọ́n sí, ara àgùntàn kan máa ń kan ara èkejì. Ọ̀nà yìí gan-an ni iná àti kòkòrò ìfọ́n ń gbà ràn. Ẹran tó ń fi ara ha ògiri, tó ń bu ara rẹ̀ jẹ, tí irun rẹ̀ sì ń re, ó ṣeé ṣe kó ti kó wọn.

Kí ló ń fa yíyún náà?

Iná àgùntàn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bovicola ovis kò gùn ju bíi mìlímítà méjì lọ. Kì í mu ẹ̀jẹ̀. Awọ gbígbẹ tó ń ṣí kúrò lára ẹran ló ń jẹ. Ìgbẹ́ àti itọ́ rẹ̀ ni ara àgùntàn kà sí ọ̀tá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú awọ a tú èròjà tó ń jẹ́ histamine jáde, awọ a wú, a sì máa yún. Nítorí náà, iye iná nìkan kọ́ ló ń pinnu ìyà ẹran. Òmíràn lè ní díẹ̀, síbẹ̀ kó máa ha ara ṣáá.

Ní New Zealand, ìwádìí fi hàn pé ìjà tí ara ń bá iná yìí jà ló ń fa àwọn kókó kéékèèké tó ń ba awọ jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi awọ ṣòwò. Bí iná bá kú tán, awọ a tún bọ̀ sípò.

Nígbà tí ìjà ara di oúnjẹ ọ̀tá

Oríṣiríṣi ni kòkòrò ìfọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni Psoroptes ovis, tó ń yọ àwọn àgbẹ̀ Britain lẹ́nu. Ìgbẹ́ rẹ̀ ń mú kí awọ wú, kí omi sì máa sun jáde, omi náà ni kòkòrò yìí sì ń jẹ. Síbẹ̀, àgùntàn tó ti ní in rí a máa kojú rẹ̀ dáadáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èyí ló mú kí ilé ìwádìí Moredun, nítòsí Edinburgh, máa ṣiṣẹ́ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀.

Kí ni olùrà lè ṣe?

Kí ó ya irun ẹ̀yìn, ọrùn àti ìhà ẹran wò. Ẹran tó rù, tí kò jẹun kánú, ni iná sábà máa ń pọ̀ lára rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ivermectin ń pa kòkòrò ìfọ́n, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún Bovicola ovis, nítorí ẹ̀jẹ̀ ni oògùn náà ń bá rìn. Oògùn tí wọ́n ń dà sí ẹ̀yìn ẹran tàbí èyí tí wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́ ló yẹ ẹ́.

Ó tún yẹ kí olùrà bi ẹni tó ń tà nípa ọjọ́ tí ẹran gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn. Oògùn náà máa ń wà nínú ẹran fún ọjọ́ púpọ̀, wọ́n sì máa ń kọ iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá sára páálí rẹ̀. Bí ọjọ́ náà kò bá tíì pé, kò yẹ kí wọ́n pa ẹran ọ̀hún jẹ.