Kíka Èsì Àyẹ̀wò Ọ́ìlì Àlòkù Ẹ́ńjìnnì Tírélà

Àyẹ̀wò ọ́ìlì àlòkù ni kí a bu díẹ̀ lára ọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, kí a gbé e lọ sí láàbù, kí wọ́n sì sọ fún wa ohun tó ń jẹ lára ẹ́ńjìnnì náà, ìdọ̀tí tó wọlé láti ìta, àti bóyá ọ́ìlì ọ̀hún ṣì lágbára. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Denver and Rio Grande ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́ gidi, ní 1946, kí ẹ́ńjìnnì dísù má baà dá wọn dúró sọ́nà. Lónìí, Caterpillar ń ṣe é lórúkọ S·O·S, TotalEnergies ń ṣe tiwọn lórúkọ ANAC.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn onítírélà ìpínlẹ̀ Ògùn gbọ̀ngbọ̀n. Magboro, Ibafo àti Mowe, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé, jókòó sí etí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978. Ní apá Ìfọ̀, títì Èkó sí Abẹ́òkúta ni ọkọ̀ símẹ́ǹtì ń gbà bọ̀ láti Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe símẹ́ǹtì láti 1960. Owó ńlá ni ẹ́ńjìnnì tó bá nọ́ọ̀kì lórí títì wọ̀nyí máa ń jẹ. Síbẹ̀, àwọ̀ ọ́ìlì àti ìka ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣèdájọ́. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dísù máa ń dúdú láàárín ọjọ́ díẹ̀ nítorí pé ó ń gbé èérí èéfín mọ́ra, iṣẹ́ rẹ̀ sì nìyẹn. Dídúdú nìkan kò sọ pé ó ti bàjẹ́.

Ní láàbù, ẹ̀rọ spectrometer máa ń fi iná tó gbóná kọjá àlà sun ọ́ìlì náà. Mẹ́táàlì kọ̀ọ̀kan ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ bó bá ń jó, ẹ̀rọ á sì ka bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún ṣe pọ̀ tó. Ppm ni wọ́n fi ń kọ iye rẹ̀: 1 ppm jẹ́ giráàmù kan nínú tọ́ọ̀nù ọ́ìlì kan. Bí irin bá jẹ́ 50 ppm nínú ẹ́ńjìnnì tó gba lítà 35, gbogbo irin tí ẹ̀rọ náà rí nínú ọ́ìlì yẹn kò ju nǹkan bíi giráàmù kan ààbọ̀ lọ.

Lórí bébà èsì, Fe ni irin, tó ń wá láti ara sílíífù, kránkì, kámù àti jíà. Cr ni krómíọ̀mù, ti ríǹgì. Al ni alumíníọ̀mù, ti písítìnì. Pb ni òjé, Sn ni tánńganran, Cu ni bàbà, àwọn mẹ́ta tí wọ́n fi ń ṣe bíárìn. Si, ìyẹn sílíkọ́nì, sábà máa ń jẹ́ eruku. Na àti K ń tọ́ka sí kúláǹtì rédíétọ̀. Ẹni tó bá rí síńkì 1,100 kó má ṣe fòyà: síńkì, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, kálísíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù wà lára èròjà tí àwọn tó ṣe ọ́ìlì dìídì fi sí i.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà gan-an nìyí: wọ́n á mú nọ́ńbà kan, wọ́n á fi dájọ́ ikú fún ẹ́ńjìnnì. Ká ní tírélà kan sá kìlómítà 10,000 kí wọ́n tó pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, irin sì jẹ́ 40. Nígbà kejì, ó sá 15,000, irin di 60. Ẹni tó wo 60 nìkan á figbe ta. Ṣùgbọ́n 4 ló bọ́ sórí ẹgbẹ̀rún kìlómítà kọ̀ọ̀kan nígbà méjèèjì, kò sí ohun tó yí padà. Nígbà kẹta, ó sá 10,000, irin di 75, sílíkọ́nì kúrò ní 8 ó di 38, alumíníọ̀mù kúrò ní 4 ó di 17. Iyanrìn ti ń wọlé, ó ń ha sílíífù. Fíltà afẹ́fẹ́, rọ́bà tó so ó mọ́ táábò àti kílíìpù rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹnikẹ́ni tó gbé sípánà lé ẹ́ńjìnnì.

Alumíníọ̀mù pọ̀ nínú ilẹ̀ pupa wa. Nítorí náà, bó bá bá sílíkọ́nì gòkè pọ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ eruku, kí ọwọ́ písítìnì mọ́. Bó bá dá gòkè, a jẹ́ pé ó yẹ ká fura sí písítìnì. Bí sílíkọ́nì ló dá gòkè tí irin kò mira, gọ́ọ̀mù tí mẹkáníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lẹ gásíkẹ́ẹ̀tì ló sábà máa ń yọ sínú ọ́ìlì.

Kìlómítà pàápàá lè tan ni. Tírélà tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ibafo mọ́jú kò fi kìlómítà kankan kún tirẹ̀, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì ń gbó. Lórí títì yìí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ńlá rẹ̀ ní 2013, tí èrò tó ń lọ jọ́sìn ní Redemption City sì ń kún un lóṣooṣù, wákàtí ẹ́ńjìnnì ló yẹ ká máa kọ pẹ̀lú kìlómítà. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lójú kan kì í jó epo tán dáadáa. Dísù á yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì wọ inú ọ́ìlì, ọ́ìlì á sì ṣàn jù. Kíki ọ́ìlì 15W-40 gbọ́dọ̀ wà láàárín 12.5 sí 16.3 centistoke ní ìwọ̀n ooru 100°C. Bó bá wá sí ìsàlẹ̀ 12.5, ká wo nọ́sù tó ń jò, tàbí ká bi ara wa bóyá ọ́ìlì tó tọ́ ni wọ́n rọ sí i. Bó bá ki jù, èérí èéfín ti pọ̀ nínú rẹ̀ tàbí ó ti jóná.

TBN ni mo máa ń kọ́kọ́ wò ní ilẹ̀ wa. Òun ni agbára tí ọ́ìlì fi ń pa ásíìdì, imí-ọjọ́ inú dísù ló sì ń di ásíìdì bó bá jó. Ní 2020, àwọn mínísítà ECOWAS fẹnu kò pé imí-ọjọ́ inú epo tí wọ́n ń kó wọlé kò gbọdọ̀ ju 50 ppm lọ láti 2021. Ṣùgbọ́n dísù tí dírẹ́bà rà nínú kẹ́ẹ̀gì létí títì, ta ló mọ ibi tó ti wá? Ọ́ìlì tuntun sábà ní TBN bíi 10. Bó bá ti dín sí ìdajì, ó tó pààrọ̀. Bí òjé bá sì ń gòkè bí TBN ti ń wálẹ̀, ásíìdì ti ń jẹ bíárìn.

Omi tó bá wọ inú ọ́ìlì nira láti rí nínú èsì. Kúláǹtì á fi Na tàbí K sílẹ̀ bó bá jò sínú ọ́ìlì, ṣùgbọ́n omi kànga lásán ni ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ń rọ sí rédíétọ̀. Omi yẹn á gbẹ lórí ọ́ìlì gbígbóná, kò sì ní fi àmì púpọ̀ sílẹ̀. Rédíétọ̀ tí omi rẹ̀ ń dín láìsí ibi tó ti ń jò síta yẹ kó wà lára ohun tí à ń kọ ránṣẹ́ sí láàbù.

Bàbà ní tirẹ̀ lè ga dé ọgọ́rùn-ún mélòó kan nínú ẹ́ńjìnnì tuntun nítorí ọ́ìlì kúlà. Bí òjé àti tánńganran kò bá tẹ̀ lé e, bíárìn kọ́.

Gbogbo èyí dá lórí bí wọ́n ṣe bu ọ́ìlì náà. Kó gbóná, kí wọ́n jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ ṣàn lọ, kí wọ́n bu ti àárín sínú ìgò tó mọ́. Kí wọ́n kọ iye lítà tí wọ́n fi kún un láàárín, nítorí ọ́ìlì tuntun ń bomi la nọ́ńbà. Kí wọ́n sì fi díẹ̀ lára ọ́ìlì tuntun ránṣẹ́ pẹ̀lú, torí ayédèrú pọ̀ lọ́jà, èyí tí kò sì ní síńkì tàbí kálísíọ̀mù tó yẹ á tú ara rẹ̀ fó.

Ẹ̀rọ spectrometer kì í rí ègé mẹ́táàlì tó bá ju nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 8 lọ dáadáa. Bíárìn tó ń ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lè ní òjé tó dára lórí bébà. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń gé fíltà ọ́ìlì àtijọ́, wọn kì í sì lo ayùn, nítorí ayùn á da irin tirẹ̀ sínú rẹ̀. Wọ́n á na bébà inú rẹ̀, wọ́n á fi mágnẹ́ẹ̀tì kọjá lórí rẹ̀. Ohun tí mágnẹ́ẹ̀tì bá gbé, irin ni. Ohun tó ń dán tí mágnẹ́ẹ̀tì kò gbé, bíárìn tàbí písítìnì ni, wọn kò sì gbọdọ̀ tan ẹ́ńjìnnì yẹn mọ́ títí wọ́n á fi sọ páànù ọ́ìlì rẹ̀ kalẹ̀.