Ìlú Tó Wà Nínú Àpò Ẹ̀gẹ́

Ìlú kan wà ní Ìta-Ògbólú tí Kábíyèsí kò jọba lé lórí. Àwọn ará ibẹ̀ pọ̀ ju gbogbo ọmọ aráyé lọ, síbẹ̀ àpò ìdọ̀họ kan ṣoṣo gba gbogbo wọn, àpò tí àwọn obìnrin gbé òkúta lé lórí nígbà tí wọ́n rin ẹ̀gẹ́ gàrí tán. Omi funfun ń kán lábẹ́ rẹ̀, ìfófò ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òórùn kíkan gba àdúgbò kan. Àlejò a ní ẹ̀gẹ́ ti bàjẹ́. Kò mọ̀ pé ogun ń jà níbẹ̀!

Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni ìdẹ̀ra. Láti ìhà gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn Pọtogí ti gbé e wá sí ilẹ̀ adúláwọ̀, nǹkan ìjà rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ó fi èròjà kan tí ń jẹ́ linamarin sí yàrá kan, ó fi èròjà tí í tú linamarin sí yàrá kejì, ògiri ló là wọ́n láàárín. Ọjọ́ tí eyín ẹranko tàbí ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ bá wó ògiri náà, àwọn méjèèjì á pàdé, májèlé sáyánáìdì á sì tú jáde.

Ní ọdún 1959, Collard àti Levi, àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ròyìn ogun inú àpò náà nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń jà á. Bakitéríà kan, Corynebacterium manihot, ló kọ́kọ́ ya wọlé. Ó jẹ sítáàṣì, ó tu ásíìdì, inú àpò kan gógó, májèlé sì tú ká. Nígbà tí ibẹ̀ kan tán ni akọni kejì dé, Geotrichum candidum, ọmọ ìdílé olú. Ohun tó lé àwọn ẹlòmíràn sá ni òun fi ṣe ilé. Òun ló wá fún gàrí ní òórùn tí a fi ń mọ̀ ọ́n.

Ìtàn yìí dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n àwọn tó tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn náà rí i pé Lactobacillus àti Leuconostoc ló sábà máa ń ṣáájú ogun. Ní ti májèlé, ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń tú èyí tó pọ̀ jù lára rẹ̀. Idà rẹ̀ ló fi gún ara rẹ̀. A kàn fi ìyìn rẹ̀ fún bakitéríà ni.

Àdéhùn tó wà láàárín ìdílé méjèèjì ló yà mí lẹ́nu jù. Bakitéríà ń fi ásíìdì lé àwọn tí í mú oúnjẹ rà. Ìwúkàrà, ọmọ ìdílé olú, kò bìkítà fún ìkan yẹn. Ó ń jẹun tirẹ̀, fítámì àti èròjà amínò sì ń jò lára rẹ̀ fún bakitéríà láti jẹ. Ní Japan, nínú ìkòkò ọtí kíkan ìlú Fukuyama, wọ́n rí Lactobacillus kan tó di ṣúgà mannose tó wà lára ìwúkàrà mú gírígírí. Bí wọ́n ṣe dìrọ̀ mọ́ra báyìí, wọ́n ń kọ́ awọ yíyọ̀ tín-ín-rín tí àwọn onímọ̀ ń pè ní biofilm. Inú rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé, wọn kì í sì í tètè ṣí níbẹ̀.

Ẹ fi ọwọ́ pa inú àpò tí wọ́n ti ń lò tipẹ́: ó ń yọ̀ díẹ̀. Àwọn tó kù sínú òwú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dojú kọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá tún dà sí i, wọn ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí àpò àtijọ́ fi lè mú ẹ̀gẹ́ tètè kan ju àpò tuntun lọ.

Agbada gbígbóná ló ń pa ìlú náà run, sáyánáìdì tó ti tú jáde á sì bá ooru lọ, nítorí kò ju ìwọ̀n 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ tó fi ń hó. Ṣùgbọ́n ẹni tó rin ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, tó fi ẹ̀rọ jáàkì fún un lọ́sàn-án, tó yan án nírọ̀lẹ́, kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti jà. Gàrí rẹ̀ kò ní kan, májèlé tó kù nínú rẹ̀ sì lè pọ̀ ju ti ẹni tó dúró ọjọ́ mẹ́ta lọ.