Ẹsẹ̀ Tó Ń Jó: Ohun Tí Ajá àti Eku Kọ́ Wa Nípa Àtọ̀gbẹ

 Ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ la tún gbé dé, èyí tí àwọn kan ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Ìtàn la fẹ́ fi sọ ọ́ lónìí.

Ṣé ẹ mọ ìyá kan tó máa ń sọ pé àtẹ́lẹsẹ̀ òun ń jó bíi pé òun tẹ iná? Tó bá di òru, kò ní lè sùn. Bí aṣọ ìbora bá kàn fẹsẹ̀ kan án, ó di wàhálà. Àwọn èèyàn á ní àgbà ló dé, wọ́n á ní ìdúró ọjà ni. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ló ti ba àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìròyìn láti ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ jẹ́.

Báwo ni aráyé ṣe mọ èyí? Ẹranko wà lára àwọn tó kọ́ wa. Ní 1889, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu, dókítà méjì ní ìlú Strasbourg, Oskar Minkowski àti Joseph von Mering, yọ ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù lára ajá. Ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ṣáá, ṣúgà sì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ní 1921, ní Toronto ní Kánádà, Frederick Banting àti Charles Best fa oje inú ẹ̀yà ara yẹn jáde, wọ́n fún ajá tó ní àtọ̀gbẹ, ṣúgà rẹ̀ sì wálẹ̀. Ní oṣù kìíní 1922, wọ́n gún ọmọkùnrin ọdún 14 kan ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ínsúlínì nìyẹn o.

Ẹ má sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, onímọ̀ àìsàn iṣan àti ọpọlọ ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ ìwádìí jáde lórí aláìsàn àtọ̀gbẹ 832 ní Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ wá kan eku. Ní 1963, àwọn onímọ̀ rí i pé oògùn kan tí wọ́n ń pè ní streptozotocin, tó wá láti ara kòkòrò inú ilẹ̀, máa ń fún eku ní àtọ̀gbẹ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń lò ó láti wo bí iṣan ṣe ń bàjẹ́. Eku ò lè sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Wọ́n á fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá tètè fà á sẹ́yìn, wọ́n mọ̀ pé ìrora wà níbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dun àwa obìnrin. Akọ eku ni wọ́n ń lò jù. Ní 2005, nígbà tí wọ́n ka ìwádìí ẹranko ọdún mẹ́wàá nínú ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Pain, ó ju mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ tó lo akọ nìkan. Wọ́n ní ara abo máa ń yí padà láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò ní jẹ́ kí èsì dúró sójú kan. Oògùn tí a dárúkọ yẹn pàápàá kì í sábà mú abo eku kékeré bó ṣe ń mú akọ. Síbẹ̀ irú eku kan wà tí wọ́n bí ní Japan, tí wọ́n ń pè ní NOD: nínú tirẹ̀, abo ni àtọ̀gbẹ ń mú jù.

Ní 2014, àwọn onímọ̀ kan kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé èsì abo kò yí ju ti akọ lọ. Àwáwí lásán ni! Ní 2015, Jeffrey Mogil àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi eku tí iṣan rẹ̀ fara pa hàn pé sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìrora dúró nínú ọ̀pá ẹ̀yìn akọ kọ́ ló ń ṣe é nínú abo. Ohun tó dá ìrora akọ dúró, kò ran abo. Ọ̀nà kan ò wọjà, àbí? Ìrora náà bẹ́ẹ̀. Láti 2016 ni NIH, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sí ìwádìí ìlera, ti ní kí àwọn olùwádìí ro ti akọ àti ti abo mọ́ iṣẹ́ wọn.

Kí ni èyí jẹ́ fún yín? Bí ẹsẹ̀ bá ń jó, tó ń ta bí abẹ́rẹ́, tàbí tó kú bíi pé kì í ṣe tiyín mọ́, ẹ má gbà pé àgbà ni. Ẹ lọ yẹ ṣúgà wò. Bí ẹ bá ti ní àtọ̀gbẹ, ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín lálaalẹ́, ẹ wọ bàtà lọ sọ́jà, ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, ẹ má fi yáná, torí ẹsẹ̀ tó ti kú lè jóná kí ẹ má mọ̀. Bí oògùn tí wọ́n fún yín ò bá ṣiṣẹ́, ẹ padà lọ sọ fún wọn. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ má sì fi ara dà á.

Eku ò lẹ́nu tó lè fi ṣàlàyé. Ẹ̀yin ní. Ẹ sọ ọ́.