Ìlù Inú Fóònù àti Ìdákẹ́ Ọdún Igógó: Ta Ló Ni Àkókò Orin ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́?

Àríyànjiyàn lórí ẹ̀rọ ayélujára àti orin ìbílẹ̀ kì í sábà ju méjì lọ: àwọn kan ní ẹ̀rọ ń pa orin wa run, àwọn mìíràn ní òun ló ń yọ ọ́ nínú ewu. Ohùn orin nìkan ni tọ̀tún tòsì ń wò. Èrò tèmi ni pé àṣẹ lórí àkókò ni ẹ̀rọ ń gbà kúrò lọ́wọ́ ìlú: ta ló lè ní kí orin dún, ta ló sì lè ní kó dákẹ́?

Ọdún Igógó ni ẹ̀rí mi. Lóṣù Kẹsàn-án, fún ọjọ́ 17, ni ìlú Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ń fi ọdún yìí ṣe ìrántí Ọ̀rọ́nsẹ̀n, ayaba Rẹ́rẹ́ńgẹ́jẹ̀n tó jẹ Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú náà. Ìtàn ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá, kò sì gbọdọ̀ ju ìdì igi ìdáná sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ rú èèwọ̀ wọ̀nyí, ó sì bínú kúrò nílùú. Títí dòní, lásìkò ọdún, ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè, wọn kì í sì í lu ìlù. Agogo irin ni wọ́n ń lù káàkiri, Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ a sì di irun, a fi iyùn ṣọ̀ṣọ́ bí obìnrin. Ẹni tó gbọ́ agogo yìí láìmọ̀ pé ìlù ti dákẹ́ kò tíì gbọ́ orin Igógó, torí ìdákẹ́ náà wà lára orin. Kámẹ́rà kò sì lè yà á. Ẹni tó gé fídíò kékeré láti fi sórí TikTok yóò rí i pé orin ti wà ní sẹpẹ́ tó lè fi sábẹ́ rẹ̀. Bó bá mú èyí tí gángan wà nínú rẹ̀, ìlù ti ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ Ọlọ́wọ̀ nìyẹn, lọ́jọ́ tí onílù kankan kò fọwọ́ kan awọ. Èèwọ̀ ti bàjẹ́, a kò sì rí ẹni tó rú u.

A lè takò mí pé rédíò àti kásẹ́ẹ̀tì ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n rédíò ní ọ̀gá tí a lè ránṣẹ́ sí, onílù sì ní agboolé tí baálé rẹ̀ mọ ọ̀nà ààfin. Láti 2001 tí fóònù GSM ti wọ Nàìjíríà, tí kámẹ́rà àti íntánẹ́ẹ̀tì sì wá kún un, kálukú di iléeṣẹ́ rédíò ara rẹ̀. Àṣẹ tí ààfin pa kò dé etí ẹni tó ń gé fídíò ní Peckham ní ìlú London.

Àtakò kejì, pé ẹ̀rọ ń yọ orin nínú ewu, wúwo ju ìyẹn lọ, olórin Orlando Owoh ló sì fà á. Ará Ìfọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ìyá rẹ̀. Òṣogbo ni wọ́n bí i sí ní 1932. Káfíńtà ni kó tó bá ẹgbẹ́ òṣèré Kọ́lá Ògúnmọ́lá ṣiṣẹ́ ní 1958, ó dá Omimah Band sílẹ̀ ní 1960, ó sì kú ní 2008. Àwo rẹ̀ tó ti di àwátì, YouTube ló dá a padà fún àwọn tí a kò tíì bí nígbà tó wà lórí ìtàgé. Ṣé ìyẹn burú? Rárá o. Ṣùgbọ́n látìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe orin náà fún ìrìn-àjò: wọ́n gbà á sínú àwo kí ará Ìfọ́n àti ará Èkó lè gbọ́ ọ nígbà tó bá wù wọ́n. Èrè tí orin àwo jẹ kò lè ṣe ẹ̀rí fún orin tí ìlú so mọ́ ọjọ́ kan pàtó.

Ní ti àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ tó wà lókè òkun, mo gbà pé fídíò ń ṣe wọ́n láǹfààní. Ṣùgbọ́n irun àti iyùn ni wọ́n sáà ń rí; kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ìlù dákẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ya Igógó sí fóònù, ẹ jẹ́ kí ohùn agogo wà bó ṣe wà, ẹ má fi orin mìíràn bò ó, kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé ìlù kò dún ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ náà.